Ẹni Tó Gbọ́n Omi Inú Ọkọ̀

Obìnrin kan wà tí gbogbo ìlú mọ ohùn rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Bó bá ń ra búrẹ́dì lójú pópó, ẹni tó ń tà á kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bó bá ti la ẹnu pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí kò jóná," búrẹ́dì á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà. "Háà! Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn? Ohùn Aago Mẹ́rin!" Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn, torí pé òun ló ń ka ìwé ìtàn lórí rédíò láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nínú ilé tó ń gbé, wọ́n gé e kúrú, wọ́n ń pè é ní Ohùn.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni o. Ẹni tó bá rò pé ìwé kíkà lórí rédíò kò ju kí èèyàn jókòó kó máa la ẹnu lọ, kó lọ gbìyànjú ẹ̀ wò. Yàrá náà kéré, ó gbóná, wọn ò sì lè tan fáànù nítorí pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn á gbé ariwo rẹ̀. Òǹkàwé kò gbọdọ̀ wúkọ́, bébà kò gbọdọ̀ dún lọ́wọ́ rẹ̀, ikùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kùn. Èyí tó wá le jù ni mímí. Ẹni tó bá mí níbi tí kò yẹ, ó ti pa gbólóhùn náà, kò sì sí oògùn rẹ̀ mọ́, torí ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìdí nìyí tí Ohùn fi máa ń ka ti ọ̀la fún ìyá rẹ̀ lónìí. Bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ bàtà, á fa ìwé yọ nínú báàgì. Ìyá ò mọ̀wé, ojú rẹ̀ pàápàá ti ń ṣókùnkùn, àmọ́ etí rẹ̀ mú bí abẹ. Á jókòó ti fèrèsé, á di ojú, á máa fi ìka kan lu orúnkún. "Dúró. O mí níbẹ̀ yẹn. Lọ mí níwájú." Ohùn á fi pẹ́ńsùlù fa ilà kékeré síbẹ̀. Gbogbo ìtàn tí ìlú ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ yìí, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ilé gígùn kan ni wọ́n ń gbé, tí àwọn yàrá rẹ̀ dojú kọ ara wọn, tí àgbàlá sì wà láàárín. Ní òdìkejì àgbàlá náà ni bàbá kan wà tó ń rán bàtà. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ẹ má gbọ́ ti ẹlòmíràn. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé kò sí bàtà tí kì í ṣe ọ̀la ló máa parí. O gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, ó ní ọ̀la. O padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á wò ọ́ lójú koko, á ní, "Ṣebí ọ̀la ni mo pè?" Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ó-Dọ̀la. Àwọn oníbàtà á bínú títí á fi sú wọn, wọn á sì tún gbé òmíràn wá, torí bàtà tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúrò nìyẹn, kò tún já mọ́.

Ẹsẹ̀ kan sálúbàtà Ìyá ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Okùn rẹ̀ ló já. Lójoojúmọ́, bí aago mẹ́rin bá ku díẹ̀, Ó-Dọ̀la á gbé rédíò rẹ̀ la àgbàlá kọjá, á gbé e ka orí àpótí tó wà níwájú ilẹ̀kùn Ìyá, á padà lọ gbé àga tirẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu Ìyá ni, "Bàbá, sálúbàtà mi ńkọ́?" Òun náà á ní, "Ọ̀la ni, Ìyá." Ìyá á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, wọn á wá yí rédíò sókè. Láti ìgbà tí ọkọ Ìyá ti kú, kò sí ẹlòmíràn tó ń bá a jókòó sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá wà níbi iṣẹ́. Ohùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ nítorí bàbá yẹn, àti nítorí okùn bàtà tó já.

Ìwé tó ń kà lásìkò tí mò ń wí yìí, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló mú un fún un. Ọmọ ilẹ̀ wa ló kọ ọ́, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti ká àsíá wọn, tí wọ́n ti wọkọ̀ lọ. Ó kọ nípa àwọn ará etí odò tó kọ̀ fún ìjọba òyìnbó láyé àtijọ́. Òyìnbó ní kí wọ́n wá máa fọ́ òkúta ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn ò fọ́. Òyìnbó ní kí wọ́n kó ìbọn wọn wá. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó gba odò kọjá wá mú un. Odò náà jìn, ó sì yára, àwọn jagunjagun dúró sí bèbè rẹ̀, ṣójà ò sì rí ọ̀nà gbà fún ìgbà pípẹ́. Ìtàn náà wọ ìlú lára. Láago mẹ́rin, télọ̀ á dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, onítakisí á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ ò sì ní bínú.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé òǹkọ̀wé náà kò fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ láti inú afẹ́fẹ́ lásán. Ogun odò yẹn ṣẹlẹ̀. Bàbá Ó-Dọ̀la wà lára àwọn tó kú níbẹ̀, nígbà tí Ó-Dọ̀la fúnra rẹ̀ ṣì ń rá kòrò. "Iwájú ni wọ́n ń wò," ló máa ń sọ fún Ìyá. "Ikú gba ẹ̀yìn wá. Atukọ̀ kan ló lọ tu àwọn ṣójà kọjá ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́. Ọmọ ilẹ̀, Ìyá! Ọmọ ilẹ̀! Ibi tí ó bá wà, kó má rí omi mu níbẹ̀." Ìyá á ní, "Ẹ rọra, Bàbá." Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Atukọ̀ tí Ó-Dọ̀la ń ṣépè fún yìí, òun ló bí Ìyá.

Ohùn mọ̀. Nígbà tó wà nílé ìwé, olùkọ́ wọn ní kí oníkálukú lọ béèrè iṣẹ́ tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe. Ó dé ilé, ó béèrè. Ìyá gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wá sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀: iṣẹ́ ọkọ̀ ni bàbá òun ṣe, òun ló tu àwọn ṣójà, wọ́n sá kúrò ní bèbè odò, ó kú sójú ọ̀nà, wọn ò sì padà síbẹ̀ mọ́. "Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé àgbẹ̀ ni." Ohùn sọ pé àgbẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, àgbẹ̀ ni bàbá àgbà ń jẹ́ ní ibi gbogbo, títí kan àgbàlá yẹn.

Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ wá ń ba Ohùn kò ju orí kọkànlá ìwé náà lọ. Ó ti yọjú wò ó níbi iṣẹ́, bí ẹni tó ń yọjú wo kòtò. Níbẹ̀ ni atukọ̀ náà ti wọlé. "Atukọ̀ náà na ọwọ́," ìwé wí bẹ́ẹ̀, "ó gba aṣọ pupa, ó gba àpò owó, ó sì rẹ́rìn-ín bí ajá tó rí egungun." Ojú ìwé bíi mélòó kan ni wọ́n fi bú u, èébú tó dùn ún kà, tó rọ ẹnu lọ́rùn. Ohùn mọ̀ pé bí òun bá kà á dáadáa, ìlú á pàtẹ́wọ́. Ó sì mọ ẹni tó máa jókòó ti rédíò nígbà tí òun bá ń kà á, àti ẹni tó máa jókòó ti onítọ̀hún.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bó bá ní ara òun kò yá, ẹlòmíràn á kà á, ẹni tí kò ní mí dáadáa, ọ̀rọ̀ á sì wá burú lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé kí òun yọ bátìrì inú rédíò Ó-Dọ̀la, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín: obìnrin tó ti ní ewú lórí tó fẹ́ lọ jí bátìrì! Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ti ìtìjú nìkan. Ìyá lè má lè pa á mọ́ra. Bí Ó-Dọ̀la bá ń ṣépè, tí ohùn ọmọ bíbí inú rẹ̀ sì ń gbe èpè náà lẹ́sẹ̀, Ìyá lè ké. Bó bá sì ké, gbogbo rẹ̀ ti tú. Ta ni yóò tún gbé rédíò la àgbàlá kọjá?

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, ó dé ilé, kò fa ìwé yọ.

"Ti ọ̀la ńkọ́?" Ìyá ti di ojú, ó ti gbé ìka lé orúnkún.

"Ọ̀fun ń dùn mí, Màámi."

"Ọ̀fun." Ìyá la ojú. "O ti ka ìwé fún mi pẹ̀lú ibà rí."

"Èyí yàtọ̀, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n fi ohùn pa mọ́ de ọ̀la."

Ìyá ò bá a jà. Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀, ó ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ìka yẹn ò kúrò lórí orúnkún rẹ̀, ó sì ń lù ú lọ láìsí ìwé kankan tó ń kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ohùn wọ yàrá gbóná yẹn, ó jókòó. Ẹ̀ńjíníà tó wà lódìkejì gíláàsì gbé àtàǹpàkò sókè fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ka òwúrọ̀, ó ka ìkùukùu tó bo odò, ó ka àwọn ṣójà tó ń rìn lọ sí ìsàlẹ̀ odò ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó dé ibẹ̀. "Atukọ̀ náà," ló wí. Ó rí i lójú ìwé kedere: na ọwọ́. Ẹnu rẹ̀ ní, "Atukọ̀ náà ká ọwọ́ kò."

Ẹni tó bá ti já sódò kò tún bẹ̀rù òjò. Kò sí ohun tó kù ju kó máa lúwẹ̀ẹ́. "'Odò yìí ò mọ̀ yín,' atukọ̀ wí fún wọn. 'Ẹ lọ wá ẹlòmíràn tí yóò tù yín.' Wọ́n na ìbọn sí i, kò mira. Wọ́n yìnbọn fún un, ó ṣubú sẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mú àjẹ̀ rẹ̀, wọ́n tu ara wọn kọjá." Ó fò gbogbo èébú yẹn, ó bọ́ sí ibi tí ìbọn ti dún lẹ́yìn àwọn jagunjagun, ó sì ka ibẹ̀ parí. Òógùn bò ó. Ẹ̀ńjíníà tún gbé àtàǹpàkò sókè. Òun ò ka ìwé náà, ní tirẹ̀ bí ohùn bá ti ń jáde, ayé ti gún.

Ó dé ilé, ó bá Ó-Dọ̀la níwájú ilẹ̀kùn wọn tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ohùn, ọmọ mi, o ṣeun. O ṣeun gan-an ni." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ bàbá náà le bí awọ tó ń rán. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń ṣépè fún ọkùnrin yẹn. Mi ò mọ̀ pé bàbá mi àti òun jọ kú ni. Mi ò mọ̀. Ta ló sọ irọ́ yẹn fún wa láti ìgbà yìí wá?"

Ojú ń tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ìyá jókòó sórí àga tirẹ̀, ó bojú wolẹ̀. Kò tiẹ̀ béèrè sálúbàtà.

Nígbà tí wọ́n wọlé, ó ní, "Ti ilẹ̀kùn. Gbé ìwé yẹn wá."

"Ìwé wo, Màámi?"

"Èyí tí o ò kà." Ó jókòó ti fèrèsé. "O ò mí. Láti ibi tó ti ká ọwọ́ kò, ṣe lo sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ohun tó wà nínú ìwé, o máa ń mí sí i. Èyí tí o fi orí ara rẹ hun, o ò rí ibi mí sí. Kà á fún mi."

Ohùn kà á. Kò tíì ka ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ka aṣọ pupa, ó ka àpò owó, ó ka ajá àti egungun. Ìka Ìyá wà lórí orúnkún, kò lù ú. Nígbà tó parí, Ìyá rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn.

"Aṣọ pupa wo? Wọn ò fún wa ní nǹkan kan. Bàbá mi ò tiẹ̀ béèrè. Ẹ̀rù ló bà á. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà wa, ẹ̀rù bà á, ó lọ mú àjẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó na ìbọn sí i. Ṣé o gbọ́? Má ṣe fi ìbọn kan kan sí i fún mi. Ẹ̀rù lásán ni."

"Màámi..."

"Mi ò tíì dé ibi tí mò ń lọ. Ọkọ̀ yẹn ti gbó, ó ń jò. Àwọn ṣójà yẹn sì wúwo, tàwọn tẹrù wọn. Bàbá mi ní kí n wọ inú ọkọ̀. Èmi ni mo máa ń gbọ́n omi inú rẹ̀, igbá mi wà níbẹ̀. Àlọ àtàbọ̀, títí wọ́n fi kọjá tán, èmi ni mò ń gbọ́n ọn. Ká ní mo dáwọ́ dúró, ọkọ̀ yẹn ì bá rì. Mo mọ̀ ọ́n gbọ́n, mo yára. Bàbá mi ní, 'O káre, ọmọ mi.' Inú mi sì dùn."

Ohùn ní ọmọdé ni ìyá òun nígbà náà.

"Mo mọ̀ pé ọmọdé ni mí. Ọmọdé lèmi àti ẹni tó ń gbé òdìkejì yẹn, àwa méjèèjì." Ó na ọwọ́, ó wá ìwé náà kàn, ó pa á dé. "O jẹ́ kí ó sunkún ìdùnnú lé bàbá mi lórí lónìí. Ìyẹn ò dáa. Èpè rẹ̀ yẹn, mo ti mọ bí mo ṣe ń gbé e. Ọpẹ́ ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé."

Ohùn ò sùn dáadáa. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ kò tiẹ̀ lọ jìnnà. Kó tó gbé báàgì sílẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n ní ọ̀gá ń pè é.

"Màdáámú, ẹ jókòó." Ọ̀gá tọ́ka sí tẹlifóònù bí ẹni tó tọ́ka sí ejò. "Òǹkọ̀wé ti fi èyí ya mí létí láti àárọ̀. Ó ní ta ló pa atukọ̀ òun? Mo ṣí ìwé náà. Ẹni tí ẹ pa lánàá, òun ló máa wá mutí yó ní orí kẹtàlá. Ẹ ṣàlàyé fún mi bí òkú ṣe ń mutí."

Ó ń bínú lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pa òun gan-an lẹ́rìn-ín. Ohùn ní òun ṣe àṣìṣe. Ọ̀gá ní àṣìṣe wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Ó ní lónìí, láago mẹ́rin, Ohùn máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn olùgbọ́, á sì tún orí kọkànlá kà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òun fúnra òun á sì dúró sẹ́yìn gíláàsì. Bó bá tún fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Kò lè ránṣẹ́ sílé. Rédíò nìkan ni òun àti ilé fi ń sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, tòun nìkan ló sì ń lọ, tiwọn kì í bọ̀.

Ó kà á. Ọ̀gá dúró, ó ká ọwọ́ lé àyà, ìwé tirẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ohùn ní, "Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ohun tí mo kà lánàá kò sí nínú ìwé." Lẹ́yìn náà ó ní, "Atukọ̀ náà na ọwọ́." Ó ń mí níbi tó yẹ, torí pé ó mọ ẹni tó ń fetí sí mímí rẹ̀. Àga méjì ló ń rí lójú ara rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn kan. Kò mọ èyí tó ti ṣubú nínú wọn. Ó ka àpò owó, ó ka ajá, ó parí. Ọ̀gá mi orí, ó jáde lọ. Iṣẹ́ dúró, bó bá jẹ́ pé ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù.

Nígbà tó dé ilé, àpótí wà níwájú ilẹ̀kùn, rédíò ò sí lórí rẹ̀. Àga Ó-Dọ̀la ò sí níbẹ̀. Ìyá jókòó.

"Mo ti sọ fún un kí rédíò tó bẹ̀rẹ̀," Ìyá wí. "Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kí o tún un kà, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ lákọ̀ọ́kọ́. Mo sọ ti bàbá mi, mo sọ ti omi."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ó wá ní, bàbá òun dé fìlà funfun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyá òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Ó ní ṣé mo rí i." Ìyá fa aṣọ bo itan rẹ̀. "Mo ní omi inú ọkọ̀ ni mò ń wò. Mi ò gbójú sókè. Ló bá yí rédíò sókè, a jọ gbọ́ ọ tán. Kò ṣépè. Ó gbé rédíò, ó gbé àga, ó lọ."

Ó-Dọ̀la ò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá lọ́jọ́ kẹta. Kò bá wọn jà, kò sọ fún ará ilé kankan. Bí Ohùn bá kí i, á jẹ́ ẹ, á sì tún bojú wo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Láago mẹ́rin, Ohùn ń kàwé sí afẹ́fẹ́, kò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ nínú àgbàlá yẹn. Ìyá ò béèrè ti ọ̀la mọ́. Ṣe ló ń jókòó níwájú ilẹ̀kùn láti àárọ̀ dalẹ́, ó kọjú sí àpótí òfìfo, Ohùn a sì máa bá a níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀. Ó ń rù. Ẹ̀rù ń ba Ohùn gidigidi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ohùn ṣí ilẹ̀kùn, ó rí sálúbàtà náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti parí. Okùn tuntun ni, rírán rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó tiẹ̀ fi ìpara kùn ún. Inú Ohùn dùn, ó sáré gbé e wọlé.

"Màámi, ẹ wò ó! Wọ́n ti bá yín ṣe é!"

Ìyá gbà á. Ó fi ọwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wá okùn náà kàn, ó fà á, kò yẹ̀. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ omi.

"O ò mọ ohun tí èyí jẹ́ ni? Ó parí ẹ̀. Bàbá yẹn, tí kì í parí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ohunkóhun tèmi má ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ òun mọ́."

Ìgbà yẹn ni ó yé Ohùn, ó sì dùn ún dé egungun. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá nu ojú.

"Mú ọ̀bẹ wá fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?"

"Mo ní kí o mú ọ̀bẹ wá. Ṣé ọ̀fun tún ń dùn ọ́ ni?"

Ohùn mú un wá. Ìyá gbé sálúbàtà lé itan, ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí okùn tuntun náà ti gbà wọlé, ó sì gé e. Awọ náà le, ó pẹ́ kó tó já. Ó na sálúbàtà sí ọmọ rẹ̀.

"Gbé e lọ fún un. Sọ pé ó tún ti já."

Àgbàlá yẹn ò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìn lójú Ohùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó-Dọ̀la wà lórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi epo pa okùn. Ó gbójú sókè, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Màámi ní kí n sọ fún yín pé ó tún ti já."

Bàbá náà gbà á. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó fi èékánná wọ́ ojú ibi tó gé, ojú ibẹ̀ ń dán, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Iṣẹ́ mi kì í já," ló wí. "Ọ̀bẹ ló gé èyí."

"Ó já ni, Bàbá," Ohùn wí. Ẹ̀rù ń bà á débi pé ohùn tí gbogbo ìlú mọ̀ yẹn ò fẹ́ẹ̀ jáde.

Ó-Dọ̀la wo òdìkejì àgbàlá. Ìyá ti jáde, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kan di igi rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní òfìfo. Ojú rẹ̀ ò lè ríran dé ibi tí wọ́n wà, àmọ́ ó dojú kọ wọ́n. Bàbá náà wò ó, ó tún wo sálúbàtà, ó tún wò ó. Ó pẹ́ débi pé Ohùn fẹ́ sọ pé kí ó máa dá a padà.

Ó wá yíjú sí ògiri, ó gbé sálúbàtà náà kọ́ sórí ìṣó tó ń kọ́ ọ sí tẹ́lẹ̀.

"Sọ fún wọn pé ọ̀la ni."

Ohùn padà la àgbàlá kọjá. Ìyá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na ọrùn.

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní ọ̀la ni, Màámi."

Ìyá mí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ táràrà títí ó fi kan àpótí tí rédíò máa ń jókòó lé, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀ kúrò.